Ogójì Àkẹtẹ̀ Iná

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Àkíbù, tíńkà agboolé Èjìdé ní Bẹyẹrúnkà, ẹ mú ègé páànù kan lọ bá a, kí ẹ sì sọ irú páànù tí ó jẹ́ fún un. Ọkùnrin náà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní páànù. Á gbà á lọ́wọ́ yín, á fi èékánná ta á, á tẹ́tí sí i, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn, á wá sọ fún yín bóyá orí òrùlé ni wọ́n ti ṣí i, bóyá ara fíríìjì ni wọ́n ti gé e, tàbí ara ilẹ̀kùn mọ́tò tó ti jóná. Kì í sì í ṣì í. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń lu páànù lábẹ́ àtíbàbà ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ariwo òòlù ti di etí rẹ̀ ọ̀tún pa, ṣùgbọ́n ó ní etí òsì nìkan ti tó láti fi mọ páànù.

Nínú ìdílé wọn, wọn kì í ra páànù tuntun. Bàbá tó bí Àkíbù ka páànù tuntun sí iṣẹ́ ọ̀lẹ, ọmọ rẹ̀ kò sì yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ohunkóhun tí iná yóò wọ̀ kúrò nílé láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tan iná sí i ní àárín agboolé, lójú tèwe tàgbà, kí mọ́gàjí sì ṣe àdúà sí i. Ìbáà jẹ́ àdògán eléèdú, ìbáà jẹ́ fìtílà. Àṣà yìí ni Àkíbù fi ń yangàn láàárín àwọn tíńkà ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò, Karimat ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti wà nílé ọkọ. Gbogbo ohun tí ó ní láyé kò ju pé àwọn èèyàn ń wí pé iṣẹ́ Àkíbù kì í dójú ti ni. Ó fẹ́ràn orúkọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúyẹmí wá a wá. Òun ni alábòójútó oko adìyẹ kan ní ọ̀nà Olódó, kì í sì í ṣe adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni mò ń sọ. Ilé ìkẹ́rùsí kòkó àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé adìyẹ. Ó gùn débi pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú kò lè dá ojú ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn mọ̀, òrùlé rẹ̀ sì ga tó ilé alájà méjì.

"Gíga yẹn gan-an ni wàhálà wa, Bàbá," ni Olúyẹmí wí. "Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan ò lè mú ara ẹ̀ móoru fúnra ẹ̀. Tá a bá wá dáná lásán nínú irú ilé yẹn, òkè ni gbogbo ooru ẹ̀ ń gbà lọ. Òrùlé á gbóná, àwọn ọmọ á máa gbọ̀n nílẹ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

"Iná tó ń ṣe bí oòrùn la gbé kọ́ sókè. Kì í da afẹ́fẹ́ láàmú. Ohun tó bá kọjú sí ló ń mú gbóná: ara ọmọ adìyẹ, àti ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé."

Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ kí Àkíbù wò ó. Iná gáàsì ni. Ojú rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun tó ní ihò wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá tàn án, amọ̀ náà á pọ́n ròrò. Lórí rẹ̀ ni ìbòrí páànù kan wà tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ti àkẹtẹ̀, òun ni ó ń ta ooru padà sísàlẹ̀. Amọ̀ yẹn ṣì dára, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ìbòrí náà lu. Ogójì irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ ni Olúyẹmí ń fẹ́, kí inú wọn sì máa dán bí dígí. Àkíbù sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀. Ó pè é ní àkẹtẹ̀ iná.

Níbi tí ó ti ń wá páànù tó máa dán tó bẹ́ẹ̀ ni ó ti pàdé àwọn páànù pẹrẹsẹ kan lọ́wọ́ ẹni tí ń ta àlòkù irin. Ojú kan ń kọ mọ̀nà, ojú kejì dúdú, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí wọ́n bá da omi sí ojú dúdú náà, yóò ṣàn lọ ni, kò ní dúró. Ẹni tí ń tà á ní ilé búrẹ́dì kan tó ti kógbá sílé ni òun ti kó wọn, pé nǹkan dúdú yẹn ni kì í jẹ́ kí búrẹ́dì lẹ̀ mọ́ àwo tí wọ́n fi ń yan án. Àkíbù fi èékánná ta á, ó tẹ́tí sí i, kò dá a mọ̀. Ní ogójì ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ rò pé ó bèèrè ohun tí nǹkan dúdú náà jẹ́? Kàkà kó bèèrè, ó ní ọ̀dà òyìnbó ni. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn, nítorí bí òun bá kọ ojú dídán sínú, ojú dúdú á wà lóde, iṣẹ́ náà á sì jáde bí tuntun láìjẹ́ pé òun kùn ún.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tan iná sí ọ̀kan nínú àwọn àkẹtẹ̀ náà ní àárín agboolé. Bàbá Èjìdé, mọ́gàjí wọn, jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà, lábẹ́ ilé ẹyẹlé tí ó kàn mọ́ ara ògiri, ó ṣàdúà, gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹyẹlé mọ́kànlá ni bàbá náà ní, ó sì ní orúkọ tí ó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àílà tán ni iná náà ti ń jó, tí ooru rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán. Qúdrát, ìyàwó Àkíbù, ní òun ń gbóòórùn bíi ti ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ọkọ rẹ̀ ní bí ohun tuntun ṣe ń rùn nìyẹn. Nígbà tí Alásárì kù díẹ̀, ọkọ̀ Olúyẹmí dé, wọ́n pa iná, wọ́n sì kó ogójì àkẹtẹ̀ náà lọ sí Olódó láti lọ kọ́ wọn.

Eruku ọkọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí ẹyẹlé àkọ́kọ́ fi jábọ́. Ó ya ẹnu, ó na ọrùn, ó kú. Kí wọ́n tó kírun Alásárì tán, kò ku ẹyọ kan. Bàbá Èjìdé, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ta ló pa wọ́n? Kò sí ẹni tó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Waliyat ni. Waliyat jẹ́ ìyàwó àbúrò Àkíbù tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oògùn eku ni ó sì ń tà ní Ọjà'ba. Àwọn ẹyẹlé náà ti sọ ọkà bàbà tí ó ń sá sójú oòrùn di oúnjẹ ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pariwo lójú gbogbo ilé pé ọwọ́ òun ni wọ́n máa kú sí. Kò bímọ fún ọkọ rẹ̀ kí ọkọ tó kú. Obìnrin tí kò ní ọkọ, tí kò ní ọmọ nínú agboolé, ọ̀rọ̀ kékeré ni ó ń lé e jáde, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ ọ́. Mọ́gàjí ní kí gbogbo ilé pé ní àárọ̀ Jímọ̀. Bí Waliyat kò bá lè fi Kùránì búra, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kó rí, ohùn Àkíbù ló ròkè jù.

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ Jímọ̀, ilé pé. Waliyat jáde nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ kan àti ọ̀bẹ. Kò sunkún. Òkú ẹyẹlé kan ni ó wà nínú abọ́ náà, èyí tí ó ti mú pamọ́ láti àná. Ó kúnlẹ̀ níwájú Mọ́gàjí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kí n tó búra, ẹ jẹ́ ká jọ wo inú ẹyẹ yìí."

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ti fi ọ̀bẹ la àpò oúnjẹ tó wà ní ọrùn ẹyẹ náà. Ọkà bàbà lásán ni ó dà jáde.

"Oògùn tí mò ń tà, aláwọ̀ búlúù ni, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi hàn mí níbí." Ó la àyà rẹ̀. "Ẹ tún wo ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló kún un, ó ti dúdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pa ẹyẹ jẹ látọjọ́ yìí, ṣé bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń rí nìyí? Ohun tó jẹ kọ́ ló pa á. Ohun tó mí sínú ni."

"O ti wá di dókítà nìyẹn," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Àkíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ẹ̀dọ̀fóró náà. Ó gbójú sókè wo ògiri: ibi tí ilé ẹyẹlé náà wà gan-an ni iná ti jó lábẹ́ rẹ̀. Ó rántí ọ̀dà tí kò mọ̀ rí. Ó rántí òórùn tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Àkẹtẹ̀ kan ṣoṣo ni, ní gbangba, fún wákàtí mẹ́ta, ó sì pa ẹyẹlé mọ́kànlá. Ogójì ni ó wà lókè ní Olódó báyìí, nínú ilé tí wọ́n ti tì pa nítorí ọyẹ́. Olúyẹmí ti ní agogo mẹ́jọ ni àwọn máa tan iná kí ilẹ̀ lè gbóná, nígbà tó bá sì di agogo mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún méjìlá ọmọ adìyẹ yóò dé sábẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kan ni ó yẹ kí ó sọ. Ẹ gbọ́ mi, gbólóhùn kan péré: pé iná òun ni. Ó la ẹnu, kò sì sọ ọ́. Ó wo Bàbá Èjìdé, ó wo àwọn tíńkà ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tó jókòó síbẹ̀, ojú ti ń tì í kí ẹnikẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò tíì dá òun lójú. Ó ní òun á kọ́kọ́ sáré lọ tú àwọn àkẹtẹ̀ náà kalẹ̀, bí òun bá dé, òun á wá ọ̀nà tí òun á gbà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dìde.

"Àkíbù, níbo?" ni Mọ́gàjí bi í.

"Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ lọ yọjú sí, Bàbá. Mò ń bọ̀."

Waliyat gbójú sókè wò ó láti orí ìkúnlẹ̀. Àkíbù kò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

Bí ó ṣe jáde ni ó pe Olúyẹmí. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó gun ọ̀kadà, ó ní kó máa sáré. Ní Bẹẹrẹ, mọ́tò àti èrò ti dí ojú títì pa. Ọlọ́kadà náà gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó fi orúnkún Àkíbù ha ara takisí kan, Àkíbù kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó tún pè. Kò gbé e. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó sì ń ṣépè fún ara rẹ̀ láàárín àdúà kan náà. Ní ọ̀nà Ìwó, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó páálí tí wọ́n dá ihò sí lára, igbe wẹ́wẹ́ ń jáde látinú wọn.

"Kọjá ẹ̀!" ni ó ń pariwo sí etí ọlọ́kadà. "Jọ̀ọ́, kọjá ẹ̀!"

Wọ́n kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé oko, ọkọ̀ mìíràn ti dé ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti da ọmọ adìyẹ sábẹ́ àwọn àkẹtẹ̀ tó ṣáájú.

Ìmọ́lẹ̀ pupa ló kún inú ilé náà. Ogójì àkẹtẹ̀ so rọ̀ ní ìlà méjì láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, wọ́n ń dán nínú, wọ́n dúdú minijọ lóde. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó ń bà á, Àkíbù rí i pé wọ́n rẹwà, inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé òun lè rò bẹ́ẹ̀. Òórùn ìkòkò tó jóná wà nínú afẹ́fẹ́.

"Bàbá! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín," ni Olúyẹmí fi kí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ paná."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ pa gbogbo ẹ̀. Páànù yẹn, ibì kan wà lára ẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe."

Ẹ wo ọkùnrin yìí o. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé, ó ṣì ń wá ibi tí orúkọ rẹ̀ á gbà yọ. Olúyẹmí ní kó fi dọ̀la.

"Tí mo bá paná nínú ọyẹ́ yìí, kó tó dọ̀sán, otútù á ti pa ìdajì wọn. Iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀, Bàbá."

Ó yíjú padà sídìí páálí. Àkíbù wo ilẹ̀. Lábẹ́ àkẹtẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ọmọ adìyẹ kan na ọrùn, ó ya ẹnu. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ya ẹnu. Òmíràn ti dùbúlẹ̀.

Nígbà náà ni ó fa fóònù yọ. Kò sí bí Olúyẹmí ṣe máa gbà á gbọ́ bí kò bá gbọ́ ti ẹyẹlé, ẹni tí ó sì ni ẹyẹlé náà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó pe Mọ́gàjí, ó fi í sí sípíkà, ó gbé e sókè láàárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá, Àkíbù ni. Waliyat kọ́ ló pa ẹyẹlé yín. Èmi ni. Iná tí mo tàn lánàá ni. Páànù tí mo lò, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì lò ó. Èéfín kan tí ojú ò rí ló ń jáde lára ẹ̀ tó bá ti gbóná, òun ló wọ inú wọn, bí kò tilẹ̀ ṣe àwa èèyàn ní nǹkan. Ó ti ń pa àwọn ọmọ adìyẹ ibí náà báyìí."

Olúyẹmí ti ju páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Waliyat ti lọ," ni Mọ́gàjí wí. "Ó ní lẹ́yìn ohun tóun fi hàn wá, òun ò tún ní búra fún ẹnì kankan. A ní kó kó ẹrù ẹ̀. Ó sì kó o."

Olúyẹmí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti sáré lọ sídìí gáàsì, ó ti pa á, ó ń pariwo kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí wọ́n kó àwọn ọmọ adìyẹ padà sínú páálí kí wọ́n lè fi ara wọn móoru. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ kọjá láti ẹnu ọ̀nà kan dé ìkejì. Àkíbù gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àkẹtẹ̀ náà láìdúró kí wọ́n tutù. Kí ó tó tú ìkẹwàá, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń bó. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Nígbà tí kò ku ẹyọ kan lókè, wọ́n sọ iná náà kalẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n gbé wọn sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa, wọ́n fi tapólì yí ìdí wọn po kí ooru má baà sá lọ, wọ́n wá tàn wọ́n padà. Wọ́n da àwọn ọmọ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń wò wọ́n. Kò sí èyí tó tún ya ẹnu. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa oúnjẹ.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tó kú, gbogbo wọn lábẹ́ àwọn àkẹtẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn yòókù yè. Olúyẹmí kò bú Àkíbù, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

"Ẹ kó àkẹtẹ̀ yín, Bàbá," ni ó wí. "Àwa àtẹ̀yin ò tún lè jọ ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ò wá ni..."

Nígbà tí Àkíbù fi máa dé ìsàlẹ̀ Màpó, wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé etí àwọn tíńkà ṣáájú rẹ̀. Ó rí i lójú àwọn tó kí i àti lójú àwọn tí kò kí i. Orúkọ tó fi ogójì ọdún kọ́ ti lọ láàárín àárọ̀ kan. Ó yà á lẹ́nu pé kò ká òun lára tó bí òun ṣe rò. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò lọ sílé. Ó gba Ọjà'ba lọ.

Waliyat wà nídìí àtẹ rẹ̀, àpò ẹrù méjì àti ẹní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tí Waliyat ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀ láti ìgbà tí ó ti wọ ilé wọn, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó fi àkísà dì. Àwọn tó wà nítòsí ń wò wọ́n.

"Ẹ dìde, Bàbá Karimat. Ẹ má sọ mí di ìran wíwò."

Ó dìde dé ìjókòó. "Mọ́gàjí ní kó o máa bọ̀ nílé. Èmi náà ń bẹ̀ ọ́, Waliyat. Mo ti sọ ọ́, gbogbo ayé ti gbọ́ pé èmi ni."

"Mo gbọ́. Bàbá ti pè mí, wọ́n bẹ̀ mí." Ó ń tò àwọn oògùn rẹ̀ sí ìlà, kò wò ó. "Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín. Láàárọ̀, nígbà tẹ́ ẹ dìde, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ lọ yọjú síṣẹ́. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Ó lè sọ pé kò dá òun lójú. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ náà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó wà láyé tó máa lè já a nírọ́. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Waliyat gbé ẹrù rẹ̀ kí ó sì tẹ̀ lé e lọ sílé. Àkíbù mọ èyí dáadáa.

"Mo ti mọ̀," ni ó wí.

Waliyat fa àpò ẹrù rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àtẹ, kò dìde. Obìnrin kan ti dúró, ó fẹ́ ra oògùn eku. Waliyat yíjú sí i, ó sì bi í bóyá ọ̀kan ni kí òun dì fún un tàbí méjì.